Ọdún Tí Wọ́n Di Ẹrù Àgọ́ Fún Mi

Ohùn àkọ́kọ́ tí ó máa ń dé etí mi láràárọ̀ nínú ilé wa ní Alájò, àdúgbò kan ní Accra, kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ìpè àsùbáà. Ohùn ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni. Àwọn tí kò gbé agbo ilé rí máa ń rò pé bákan náà ni gbogbo ìgbálẹ̀ ń dún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbálẹ̀ màmá mi máa ń sáré, nítorí ọjà ń dúró dè wọ́n. Ti Ṣìfáwù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, máa ń dákẹ́ láàárín bí ẹni tó ń ronú, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń lọ ní ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, láìyára, láìdúró, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn títí dé ìdí ògiri tí ó pààlà àwa àti Nàá Kọ́kọ̀, aládùúgbò wa tí ó jẹ́ ọmọ Gàá, ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ Accra. Bí ìgbálẹ̀ bá ti kan ògiri, Nàá Kọ́kọ̀ á kígbe láti òdìkejì pé, "Alata, má gbá ilẹ̀ tiwa mọ́ tìrẹ o!" Ìyá Àgbà á dá wọn lóhùn ní èdè Gàá, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ọjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra. Àwọn kan máa ń sọ pé èébú ni. Bí ẹni tó pè é bá ṣe pè é ni. Lẹ́nu Nàá Kọ́kọ̀, bí orúkọ ìnagijẹ ọ̀rẹ́ ni.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Mísì Dédé, tíṣà kíláàsì wa, sọ fún àwa ọmọbìnrin pé ilé ìwé fẹ́ kó wa lọ sí àgọ́ ìsinmi lórí òkè, lọ́nà Abúrí, nígbà ìsinmi gígùn, nígbà tí òtútù oṣù kẹjọ bá ti mú. A ó sùn níbẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. A ó kọ́ bí a ṣe ń dáná níta, a ó mọ orúkọ igi, a ó jókòó yí iná ká, a ó kọrin. N kò tíì sùn níbi tí n kò ti gbọ́ mímí Ìyá Àgbà rí láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu mi. Ẹní kan náà la jọ ń sùn lé. Síbẹ̀, bí mo ti ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ẹni pé ilẹ̀ kò tó mi tẹ̀ ni mò ń rìn. Ó wù mí láti lọ ju bí ọdún Iléyá ṣe máa ń wù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nínú ilé wa, ohun tí Ìyá Àgbà kò bá fọwọ́ sí, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i.

Wàákyè la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé sè títí ó fi pupa rúsúrúsú. Màmá mi bu ẹran tèmi fún mi, mo sì gbé e pa mọ́ sí etí àwo, bí mo ti máa ń ṣe. Bàbá mi, tí ó ń rán aṣọ ní Cow Lane, tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ mi títí mo fi parí rẹ̀. Wọ́n yíjú sí ìyá wọn, wọ́n ní, "Ìyá, ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ kó wọn lọ sùn ní ọ̀nà Abúrí."

Ìyá Àgbà gbé oúnjẹ ẹnu wọn mì. Wọ́n ní, "Ta ló lé e?"

Ṣìfáwù bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì dákẹ́.

Bàbá mi ní, "Kò sẹ́ni tó lé e, Ìyá. Eré ni wọ́n ń lọ ṣe."

"Eré? Ọmọ yóò ti ilé bàbá rẹ̀ di ẹrù jáde, ẹ ní eré ni?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibí yìí dáadáa, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í mọ̀ ọ́n. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí mo ṣì kéré, ìjọba ìgbà náà kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ Gánà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Accra ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ìyá Àgbà ti ń ta aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge wọn. Kò sí èyí tí ó gbà wá sílẹ̀. Ohun tí èmi rántí kò ju òórùn epo ọkọ̀ àti ẹ̀yìn Ìyá Àgbà tí wọ́n fi pọ̀n mí lọ. Àwọn àgbà ló sọ ìyókù fún mi. Ìyá Àgbà ní àpótí páànù ńlá kan tí agbára ẹnìkan kò ká, gbogbo aṣọ ọjà wọn ló wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ wo àpótí, ó wo èrò, ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Wọ́n gbé wa wọ ọkọ̀, àpótí náà sì dúró sétí títì. A lọ gbé Ọ̀fà, ìlú àwọn bàbá wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, a padà díẹ̀díẹ̀, a sì bá Nàá Kọ́kọ̀ nínú ilé wa. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ tiwọn síbẹ̀ sùn ní gbogbo ìgbà tí a kò sí, kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Láti ìgbà náà, kò sí àpótí nínú ilé wa mọ́. Orí okùn àti ìdí ìṣó ni aṣọ gbogbo wa wà.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Àgbà bèèrè pé ta ló lé mi, ìbéèrè gidi ni. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní ìdí iṣẹ́ tíṣà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má ṣe sọ pé àgbàlagbà kan le kí wọ́n tó bèèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọmọdé lèmi náà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nàá Kọ́kọ̀ ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Láti òdìkejì ògiri ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ìgbálẹ̀ tó dúró. "Alata, igi ni ọmọ rẹ fẹ́ lọ wò ní Abúrí. O ń ṣe bí ẹni pé òkun ló fẹ́ bẹ́ sí."

"Bó bá jẹ́ tìrẹ ni, wàá jẹ́ kó lọ?"

"Tèmi? Màá bá a gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, màá sì ti ilẹ̀kùn kí ó má tètè padà. Ọmọ tí ń jẹun báyìí!"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ìgbálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wọlé, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. O lè lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni màá di ẹrù rẹ." Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ayọ̀ kò jẹ́ kí n rántí ìkúnlẹ̀.

Mísì Dédé ti ní kí olúkúlùkù mú àpótí onígi wá, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama ń kó oúnjẹ sí. Ìyá Àgbà ní rárá. Wọ́n mú aṣọ ńlá kan tí ó ti gbó tí kò sì ya, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù mi sí àárín rẹ̀: aṣọ ìwọ̀sùn, aṣọ òtútù, pákó, kànrìnkàn, ọṣẹ, gàrí, àti ìgò ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀. Wọ́n dì í kó le bí òkúta. Lẹ́yìn ìrun alásàrì, wọ́n gbé òṣùká lé mi lórí, wọ́n ní, "Gbé e."

Mo dúró kí wọ́n bá mi gbé e. Wọn kò bá mi gbé e.

"Gbé e fúnra rẹ. Ẹni tí kò lè gbé ẹrù rẹ̀ á máa wo ojú ẹni tó máa bá a gbé e."

Mo kúnlẹ̀, mo yí i sí orí eékún, mo gbé e dé èjìká, ó ré bọ́. Ìyá Àgbà tú u, wọ́n yọ aṣọ kan kúrò, wọ́n tún un dì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi á gbé ẹrù láti ìdí kànga dé ẹnu géètì, láti ẹnu géètì dé ìdí kànga. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí n gbé e dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Ṣìfáwù á jókòó lórí àga kékeré, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa kígbe pé, "Aláàárù! Aláàárù, wá bá mi gbé tèmi! Ṣé owó pẹ́sẹ́wà kan á tó ọ?" Àwọn ọmọ àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Aláàárù lorúkọ mi ní Alájò.

Ohun tí Ìyá Àgbà ń yọ, màmá mi ń fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọṣẹ àti oúnjẹ inú agolo ni màmá mi ń tà lọ́jà, wọn kò sì lè rí àyè nínú ẹrù kí wọ́n má fi nǹkan kún un. Wọ́n á ti ọjà dé, wọ́n á kí Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á wọ yàrá lọ bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹrù á tún wúwo.

"Ìyàwó, ta ló fi agolo mílíìkì sí abẹ́ aṣọ yìí?"

"Bóyá Ṣìfáwù ni, Ìyá."

"Ṣìfáwù tí kì í jẹ́ kí mílíìkì kù nínú agolo ni yóò wá kó agolo pamọ́ fún ẹlòmíràn?"

Màmá mi á bojú wo ilẹ̀, èmi á sì rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì kò jiyàn lé lórí ni bútà àlùwàlá. Màmá mi ní ọmọ Mùsùlùmí kì í lọ tọrọ ike lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìyá Àgbà so bútà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹrù, nítorí náà bí mo bá ń rìn, ó ń gbá mi létí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí mo bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí mo ń làágùn, Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Sàlámì tí ń ránṣọ."

"Níbo ni ilé yín?"

"Agbo ilé Alágbẹ̀dẹ, ní Ọ̀fà."

"Ta lo máa bèèrè?"

"Bàbá Ràímì, alágbẹ̀dẹ."

"Bí wọ́n bá ní wọn kò mọ̀ ọ́n?"

"Kí n ní ẹ̀gbọ́n Ìyá Àlíjà tó ń ta aṣọ ní Accra ni."

Ìyá Àlíjà ni wọ́n ń pe Ìyá Àgbà ní Ọ̀fà. Mo máa ń kà á bí ẹni tó ń ka ìsọdipúpọ̀, láìronú. Mo rò pé àwọn tíṣà ní àgọ́ ni yóò bi mí. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ilé tí wọ́n ní kí n máa pè ní ilé kì í ṣe èyí tí a jókòó sí, ṣùgbọ́n ọmọdé máa ń gba ohun púpọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn jà.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi náà lọ sí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Báàgì tirẹ̀ ní táyà lẹ́sẹ̀, ó ń fà á kiri ilé bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lọ ọjà. Ẹ̀fọn ló ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù, àti fóònù tí wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ mú dání. Ó ra ìpara ẹ̀fọn tí ó tó fi kun gbogbo ará àgọ́. Mo wò ó, n kò bá a wí. Gbogbo ilé ló ní ohun tí ń bà á lẹ́rù nígbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn síta, ohun náà ló sì ń darí ọwọ́ tó ń di ẹrù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, Ìyá Àgbà kò gbálẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé èmi àti màmá mi dé ilé ìwé. Ọkọ̀ ńlá kan dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ẹgbẹ́ mi wá pẹ̀lú àpótí onígi tí wọ́n kun lọ́dà, àwọn bàbá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ló ń bá wọn gbé e. Èmi nìkan ni mo gbé ẹrù lórí, tí bútà ń gbá létí. Ọmọbìnrin kan bèèrè bóyá tíì ni mo fẹ́ lọ máa sè fún wọn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo gbé e sórí àga. Kò sí ẹni tó bá mi fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí i pé Ìyá Àgbà ti di ọwọ́ Mísì Dédé mú. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní èdè Gàá, gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́ ọ.

"Tíṣà, kí lo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi?"

Ẹnu ya Mísì Dédé. Wọn kì í ṣe ọmọ ọjà, nítorí náà wọn kò mọ̀. Nídìí àtẹ Ìyá Àgbà, bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá fẹ́ gbé aṣọ lọ fi han ará ilé rẹ̀ kó tó rà á, yóò fi ohun ìdógò sílẹ̀. Wọn kì í gba ohun tí ó wọ́n. Ohun tí olóhun kò ní lè ṣaláì padà wá mú ni wọ́n ń gbà: awò ojú, tàbí bàtà ẹsẹ̀ kan nínú méjì. Báyìí, èmi ni ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Màmá mi sáré wá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Tíṣà ni wọ́n o. Ìjọba ló gbà wọ́n síṣẹ́."

"Ìjọba náà ni mò ń sọ," ni Ìyá Àgbà wí. Wọn kò ju ọwọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn òbí mìíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ fọn fèrè. Mo gbà á ládùúrà pé kí ilẹ̀ lanu. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé Mísì Dédé yóò bínú, wọn yóò ní kí n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, wọn kò tíì lọ́kọ. Wọ́n wo Ìyá Àgbà lójú, wọ́n sì tú aago ọwọ́ wọn.

Ìyá Àgbà mi orí. "Aago kún ìgboro. Wàá ra òmíràn."

Mísì Dédé fi ọwọ́ kejì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, aláwọ̀ ìyeyè tí ó ní ìlà dúdú, irú èyí tí àwọn ẹ̀yà Kúróbò ń ṣe. "Ti ìyá mi ni," wọ́n wí. "Wọ́n ti kú. Mi ò tíì bọ́ ọ rí."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n sì yí kókó aṣọ náà sínú. "Ẹ máa lọ," ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Nípa àgọ́ náà, n kò ní púpọ̀ sọ. Òtútù mú, èéfín wọ̀ mí lójú, mo mọ orúkọ igi tí mo ti gbàgbé báyìí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ n kò tètè sùn. Àwọn tó wá pẹ̀lú àpótí rí i pé ẹnìkan kò lè gbé e gun òkè, ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n sì ti ń lọ mú nǹkan wọn títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Bútà mi di ti gbogbo èèyàn, pàápàá ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ tíì. Kò sí tíṣà tó bi mí nípa agbo ilé Alágbẹ̀dẹ. Mo dúró de ìbéèrè náà lójoojúmọ́, ó sì dùn mí díẹ̀ pé mo kọ́ ọ lásán.

Ọ̀nà bàjẹ́ nígbà tí a ń bọ̀, a sì pẹ́ dé. Nígbà tí ọkọ̀ yà sábẹ́ igi máńgòrò, mo rí Ìyá Àgbà lórí àga kékeré lẹ́bàá géètì. Ẹni tó ń ta àgbàdo sísun níbẹ̀ sọ fún màmá mi pé láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti jókòó, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú wọn. Ìyá Àgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n dáhùn ìkúnlẹ̀ mi, wọ́n sì kọjú sí Mísì Dédé, wọ́n ń tú etí ìró.

"Tíṣà, gba nǹkan ìyá rẹ."

Mísì Dédé ní, "Màmá, bí ó bá wù yín, ẹ lè mú un."

"Rárá o. Ohun ìdógò kì í di ẹ̀bùn." Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so ìlẹ̀kẹ̀ náà padà mọ́ Mísì Dédé lọ́wọ́, wọ́n sì gbàdúrà fún wọn fún ọkọ rere, títí Mísì Dédé fi bojú wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà di irun mi. Èéfín àgọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, mo kọjú sí ògiri Nàá Kọ́kọ̀, mo sì bèèrè ohun tí mo ti ń rò láti orí òkè.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ rò pé wọn kò ní dá mi padà ni?"

"Ta ni? Tíṣà yẹn?" Wọ́n fi òwú fa irun mi gbooro. "Ojú rẹ̀ kò jọ ti olè. Mo mọ̀ pé yóò dá ọ padà."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gba ìlẹ̀kẹ̀ wọn?"

Mo gbọ́ tí Nàá Kọ́kọ̀ ń da omi nù ní òdìkejì.

"Bí ó bá dá ọ padà, tí kò bá wa nílé ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà wí. "Bí wọ́n bá tún ní kí a máa lọ nígbà tí o wà lórí òkè? Ẹni tí nǹkan ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa yóò wá wa kàn, Àbẹ̀kẹ́. Yóò bi ọ́ níbo ni ilé yín, yóò sì mú ọ wá dé Ọ̀fà."

Wọ́n ti orí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè rí ìdí etí mi, wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, ó ku ẹ̀gbẹ́ òsì.